Àjẹṣẹ́kù Inú Odò Ògùn

Ó pọ̀ nínú yín tí ń ta ẹja ní Ṣakí, ní Ìṣẹ́yìn àti ní àwọn ọjà abúlé. Ẹni tó bá ń ta nǹkan, ó yẹ kó mọ ibi tí nǹkan náà ti ń wá. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé tó fi ẹja odò wa ṣe iṣẹ́.

Ìtòsí Ṣakí níbí ni Odò Ògùn ti ṣẹ̀, kó tó ṣàn lọ já sí ọ̀sà l'Ékòó. Ní 1977, ọ̀mọ̀wé D. H. J. Sydenham tẹ ìwádìí jáde lórí irú ẹja tó wà nínú odò yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní 1980, òun náà ló fún irú àrọ̀ kan ní orúkọ ìwé, Clarias agboyiensis, tó fi orúkọ Agboyi l'Ékòó sọ. Ní 1981, A. A. Adébísí tẹ ìwádìí méjì jáde lórí apá òkè Odò Ògùn: ọ̀kan lórí omi rẹ̀, èkejì lórí ohun tó wà nínú ikùn àwọn ẹja tí ń jẹ ẹja ẹgbẹ́ wọn.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ eré ni o. Ẹni tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa lọ sódò lójò lẹ́ẹ̀rùn. Yóò wọn gígùn ẹja, yóò gbé e sórí ìwọ̀n, yóò la ikùn rẹ̀ wò, yóò sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, bí akọ̀wé wa ṣe ń kọ owó sínú ìwé.

Èrè wo ló wà níbẹ̀ fún wa? Apá òkè odò yìí kì í ṣàn yípo ọdún. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, á ku ibú níbí, ibú lọ́hùn-ún. Inú ibú wọ̀nyí ni ẹja tó kù ń fara pamọ́ sí. Bí òjò bá dé, tí omi kún bo koríko etí odò, àrọ̀ á jáde lọ yé síbẹ̀. Abo kan tó tóbi lè yé ẹyin tó lé ní 10,000. Nítorí náà, ẹja inú ibú lẹ́ẹ̀rùn, ojú owó ni. Ẹja ìgbà tí omi bá kún, èlé orí rẹ̀ ni.

Ẹni tó bá da Gàmálìn, oògùn kòkòrò inú kòkó, sínú ibú, ojú owó gan-an ló jẹ yẹn. Àti ìyá àti ọmọ ló pa. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹja inú odò, Nọ́ńbà 108 ti 1992, ka májèlé, ohun abúgbàù àti iná mànàmáná léèwọ̀ nínú ẹja pípa.

Ìdídò Ìkéré lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn, tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1980, ti sọ apá kan odò di adágún ńlá. Ìwé 1977 àti ti 1981 ti wà kí adágún tó dé. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹja wa ń dín kù, ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ẹni tí kò mọ iye tó gbé lọ sọ́jà láàárọ̀, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóun jèrè lálẹ́?

Ẹ̀yin ẹlẹ́ja, ẹ máa bi ẹni tí ń gbé ẹja wá fún yín bó ṣe pa á. Ẹ má ra ẹja májèlé, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ẹ má sì gba ẹja tí kò tíì tó ọjọ́ orí à ń yé. Alájẹṣẹ́kù lorúkọ ẹgbẹ́ wa: bí a ṣe ń ṣẹ́ ẹ kù lápò, ẹ jẹ́ ká máa ṣẹ́ ẹ kù sódò.