Ta Ló Ni Òfin Kíríkẹ́ẹ̀tì?

Ọdún 1787 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì MCC sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún kejì ni wọ́n gbé ìwé òfin kíríkẹ́ẹ̀tì wọn àkọ́kọ́ jáde. Títí dòní, ọwọ́ wọn ni ẹ̀tọ́ àdàkọ ìwé òfin tí à ń lò báyìí wà.

Ṣé a ó wá tọrọ àyè ká tó gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ni? Rárá o. Igi 3 ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan ojú ìṣeré, ẹni 11 nínú ikọ̀ kọ̀ọ̀kan: irú ìlànà yìí ò ní ẹni tó ni ín. Ẹnikẹ́ni lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Gbólóhùn tí MCC fi kọ ìwé náà gan-an ni òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ dáàbò bò. Ẹni tó bá da odidi ìwé náà kọ síta láìgbàṣẹ ló ń wá ìjà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀fẹ́ ló wà lórí ìkànnì wọn!