Ilé Wíwó ní Àárín Ìlú Èkó

Ẹ̀yin ará ìlú àti ẹ̀yin oníṣòwò wa, bí ìjọba bá ní òun fẹ́ tún ìlú ṣe, ọlọ́gbọ́n kan kì yóò bínú sí i. Àjàkálẹ̀ àrùn eku tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1924 kò ṣeé gbàgbé. Lẹ́yìn rẹ̀, ní 1928, ni a dá Ìgbìmọ̀ Atúnlùúṣe sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí L.E.D.B.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìgbìmọ̀ náà pinnu ní 1951 láti wó ilé àárín ìlú, ariwo sọ. Láti nǹkan bí 1955 ni wọ́n ti ń kó ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ilé ibẹ̀ mọ́, àyè sì wà. A kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò san owó ilé rí nínú agbolé baba rẹ̀ wá di ẹni tí ń san án lóṣooṣù. Ìyá aláṣọ tí ń pàtẹ sí ẹnu ọ̀nà, ta ni yóò kọjá níwájú rẹ̀ níbẹ̀? Bí ó bá sì padà sí Erékùṣù lọ tajà, owó ọkọ̀ ni yóò jẹ èrè rẹ̀. Peter Marris, òyìnbó tí ó ṣe ìwádìí láàrin wọn, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1961 pé òwò ọ̀pọ̀ wọn bàjẹ́, ẹbí sì túká.

Ilẹ̀ àti ògiri ni a máa ń fi owó gbà-má-bínú san. Èwo ni ti oníbàárà tí ó lọ? Kí àwọn tí ń fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé ní Èkó lónìí kọ́kọ́ ka àtẹ tí ó wà níwájú rẹ̀.