Bí Hítà Omi Bá Ń Jò

Ilé tí ó ní hítà omi ti pọ̀ láàárín wa, pàápàá ní ìlú ńlá bí Èkó àti Ìbàdàn. Ara ògiri balùwẹ̀ ni a máa ń fi í kọ́ sí, ó sì ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ láìpariwo. Nítorí náà ni a kì í fi í rántí rẹ̀, àfi ní ọjọ́ tí a bá rí i tí omi ń kán tó, tó, tó sílẹ̀, tàbí tí ó bẹ́ lójijì tí omi gbígbóná sì ya bo ilé. Ní ọjọ́ náà, ìyá á ké, ọmọ á sáré wọlé, olúkúlùkù á máa wá àkísà kiri. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ohun tí ó yẹ kí a ṣe kí a tó wá àkísà ni a fẹ́ bá yín sọ níhìn-ín.

Iná ni kí ẹ kọ́kọ́ pa, kì í ṣe omi. Omi tí ń jò lè ba àjà àti ẹní jẹ́, ṣùgbọ́n iná mànàmáná tí ó bá gba inú omi kọjá lè pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Hítà sábà máa ń ní súìṣì tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí ó tóbi ju ti gílóòbù lọ, tí iná pupa kékeré sì wà lára rẹ̀. Ẹ wá a nítòsí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá rin fún omi, tàbí bí omi bá ti dé ibi tí ẹ dúró sí, ẹ má fọwọ́ kan súìṣì yẹn rárá. Ẹ lọ síbi tí iná gbogbo ilé gbà wọlé, bí ibẹ̀ bá gbẹ, kí ẹ pa á níbẹ̀. Bí iná bá sì ti gbé ẹnì kan, ẹ má dì í mú kí ẹ tó pa iná, kí ó má baà di ẹni méjì.

Ẹlòmíràn á ní, "Ṣebí NEPA ti mú iná lọ, kí ni mo tún fẹ́ pa?" (Orúkọ NEPA kò kúrò lẹ́nu wa, bẹ́ẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà ti di ohun àtijọ́ láti ọdún 2005.) Ẹ gbọ́ o: iná tí ó lọ ní aago méjì lè dé ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, nígbà tí ẹ ti ki ọwọ́ bọ ìdí hítà. Ẹ ṣáà pa á.

Omi ló kàn. Ẹ wo páìpù omi tútù tí ó wọ ìdí hítà, ẹ ó rí ọwọ́ kékeré kan tí a fi ń ti omi. Ẹ yí i sí apá ọ̀tún, bí ẹni ń dé ìgò. Bí ó bá ti gbó tí ó kọ̀ láti yí, ẹ má fi òòlù bá a jà. Ẹ lọ ti omi ní ìdí táǹkì ńlá tí ó wà lórí òpó níta. Ẹ gbé bàsíà sábẹ́ ibi tí ń jò, ẹ lé àwọn ọmọdé jáde, kí ẹ sì ní sùúrù. Fóòmù wà láàárín awọ méjèèjì hítà, nítorí náà omi inú rẹ̀ lè gbóná fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa iná.

Nígbà tí iná àti omi bá ti dákẹ́, ẹ wá wo ibi tí ó ti ń jò gan-an. Bí ó bá jẹ́ ibi tí páìpù ti so mọ́ra ni, iṣẹ́ kékeré ni fún pulọ́ńbà. Bí ó bá jẹ́ ara táǹkì fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Inú ọ̀pọ̀ táǹkì hítà jẹ́ irin tí a fi ohun dídán bò, bí àwo tánganran. Gbogbo wa ni a ti rí àwo tánganran tí ó bó: ibi tí ó bó ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ń ṣe hítà mọ èyí, nítorí náà wọ́n ń fi ọ̀pá kan tí a fi magnesium ṣe sínú rẹ̀. Ọ̀pá yìí ni ìpẹtà ń jẹ dípò táǹkì. Bí ọ̀pá bá tán tí ẹnikẹ́ni kò pààrọ̀ rẹ̀, ara táǹkì ló kàn. Omi gbígbóná tí ó bá ń pọ́n bí omi ilẹ̀ pupa ti ń kìlọ̀ fún yín nìyẹn. Táǹkì tí ó bá ti lu kò ní àtúnṣe. Kí ẹni tí ó ní òun yóò fi gúlù lẹ̀ ẹ́ má gba owó yín.

Ibì kan ṣì kù, òun gan-an ni ó mú wa kọ ìwé yìí. Ní ìdí hítà, fáàfù kékeré kan wà tí ó ní ẹnu tóńtó, tí omi máa ń kán níbẹ̀ nígbà míràn. Ẹ jẹ́ kí á pè é ní imú hítà. Bí omi bá gbóná, ó ń wú. Lítà 50 omi tí ó bá gbóná láti ìwọ̀n Celsius 25 dé 75 yóò fi ju lítà 1 lọ díẹ̀ pọ̀ sí i. Omi kò ṣe é fún pọ̀ bí òwú. Ó gbọ́dọ̀ rí ibi gbà. Bí páìpù omi tútù kò bá jẹ́ kí ó padà, imú yìí ni yóò gbà jáde. Ìyẹn ni pé bí ó bá ń kán díẹ̀díẹ̀ nígbà tí omi ń gbóná lọ́wọ́, tí ó sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn náà, kò sí wàhálà. Ẹ fi ike sábẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni a ń rí? Ó ń bí àwọn kan nínú pé omi ń kán. Òmíràn á fi igi há a lẹ́nu, òmíràn á fi rọ́bà dì í pinpin. Àwọn pulọ́ńbà kan tilẹ̀ wà tí wọn á yọ ọ́ kúrò pátápátá, wọn á fi ìdérí dí ojú rẹ̀, wọn á sì gbowó iṣẹ́.

Ẹ wo ìkòkò tí ó wà lórí iná. Bí omi rẹ̀ bá hó, ọmọrí á máa jó, èéfín á máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde. Ta ni yóò fi okùn de ọmọrí ìkòkò mọ́lẹ̀, kí ó tún gbé ọlọ lé e? Ìkòkò ni hítà náà, imú yẹn sì ni ọmọrí rẹ̀. Irinṣẹ́ kan wà nínú hítà tí ń pa iná fúnra rẹ̀ bí omi bá ti gbóná tó. Ọjọ́ tí irinṣẹ́ yìí bá bàjẹ́, omi á máa gbóná lọ láìdúró. Bí imú bá là, omi á tú jáde, ẹ ó sì mọ̀ pé nǹkan ti ṣe. Bí a bá ti dí i, omi á gbóná kọjá ìwọ̀n 100 tí ó ti yẹ kí ó hó, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Nígbà tí táǹkì bá ya, apá kan omi náà á di èéfín lẹ́ẹ̀kan náà, èéfín omi sì ń gba àyè tí ó tó nǹkan bí ìlọ́po 1,600 ti omi tí ó ti wá. Ohun tí ń wó ògiri nìyẹn. Ní tiwa, a kò rí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ó dí imú hítà àti ẹni tí ó gbé ẹ̀tù ìbọn kọ́ sára ògiri balùwẹ̀. Bí ó bá ń tú láìdáwọ́ dúró, tàbí tí èéfín ń bá a jáde, ẹ pa iná kí ẹ sì pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́.

Bí omi gbígbóná bá ti jó ènìyàn, ẹ má dúró wo hítà mọ́. Omi tí ó gbóná dé ìwọ̀n 60 lè bó awọ àgbàlagbà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 5, ti ọmọdé sì yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bọ́ aṣọ tí ó rin, bí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ara, kí ẹ jẹ́ kí omi ẹ̀rọ tí ó tutù máa ṣàn sí ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ má fi ẹyin, epo, ògì tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. A mọ̀ pé àwọn ìyá wa ń ṣe é. Kò ran ojú egbò lọ́wọ́. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Nígbà tí pulọ́ńbà bá ti ṣe tán, iṣẹ́ á wá yí padà: omi ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣí báyìí, iná ni ẹ ó tàn kẹ́yìn. Irin tí ń gbóná nínú hítà dà bí irin bóìlà tí a ń kì bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá sí omi lórí rẹ̀, jíjó ni yóò jó. Nítorí náà, ẹ ṣí tápù omi gbígbóná, kí ẹ dúró tì í. Yóò kọ́kọ́ máa tu afẹ́fẹ́ jáde, á máa húkọ́. Bí omi bá ti ń ṣàn geere láìdáwọ́ dúró, ẹ ti tápù, ẹ fi àkísà gbígbẹ nu ìdí hítà, kí ẹ wò ó bóyá ó tún ń rin. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó tan iná.