Ǹjẹ́ Ó Ń Rẹ Oòrùn Bí?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kan ti ń lọ láti ẹnu dé ẹnu, pé agbára oòrùn ń dín kù, pé láìpẹ́ yóò sùn, àti pé bí ó bá sùn, òtútù ńlá yóò bo gbogbo ayé. Ọ̀rọ̀ náà ti dé Akute níhìn-ín. Àwọn kan ń gbọ́ ọ pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Àwọn mìíràn sì ń fi ṣe àwáwí: wọ́n ní bí òtútù bá ń bọ̀, kí ni a tún ń dààmú sí nípa ooru tó ń pọ̀ àti odò tó ń kún? Nítorí pé ládànì ni mí, tí ó sì jẹ́ pé òjìji oòrùn ni àwọn baba wa fi ń mọ àkókò ìrun, èmi ni wọ́n máa ń bi léèrè. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Oòrùn kì í wà lójú kan. Láti nǹkan bí ọdún 1610 tí àwọn Òyìnbó ti ń fi awò wo ojú rẹ̀ ni wọ́n ti ń rí àwọn àmì dúdú lára rẹ̀. (Kí ọmọdé má dán an wò o, ẹni tó bá tẹjú mọ́ oòrùn, ojú rẹ̀ lè fọ́.) Ní Dessau, ní ilẹ̀ Jámánì, apòògùn kan tí ń jẹ́ Samuel Heinrich Schwabe ka àwọn àmì náà fún ọdún 17, ó sì kéde ní 1843 pé wọn a máa pọ̀, wọn a sì tún máa dín kù, bí ẹni ń mí. Lónìí a mọ̀ pé nǹkan bí ọdún 11 ni ó máa ń gbà kí ó tó yípo kan. Ìgbà tí àmì dúdú bá sì pọ̀ ni oòrùn ń mọ́lẹ̀ jù! Ó ní ìdí: àwọn ibi títàn yòò máa ń wà nítòsí àwọn ibi dúdú náà, ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń fi kún un sì ju èyí tí dúdú mú kúrò lọ.

Wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wo èyí nílẹ̀ wa. Ní 1957 sí 1958, tí àwọn orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan láti jọ ṣèwádìí ayé àti oòrùn, Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn wà lára àwọn tó ń wọn ohun tí oòrùn ń ṣe sí òfúrufú tó ga lókè wa. Iye àmì ojú oòrùn lásìkò náà ni ó pọ̀ jù láti ìgbà tí a ti ń kà wọ́n. Àwọn àgbà tó ń gbọ́ ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì nígbà náà yóò rántí bí ohùn ìlú òkèèrè ṣe ń wọlé ketekete lálẹ́ kan, tí a kì í sì í gbọ́ ju híhó lọ lálẹ́ kejì. Ọwọ́ oòrùn wà níbẹ̀.

Láti 1979 wá, gbogbo ìgbà tí iye náà bá tún gòkè, gíga rẹ̀ kì í tó ti ìṣáájú. Ti 2014 kéré ju èyíkéyìí lọ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ibẹ̀ ni ariwo ti bẹ̀rẹ̀ pé oòrùn ti ń tòògbé. Ṣùgbọ́n ìyípo tuntun bẹ̀rẹ̀ ní December 2019, ó dé òkè ní 2024, ó sì ga ju ti 2014 lọ, ó ga ju bí ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ṣe rò lọ. Oorun náà kò tíì dé.

Ìtàn tó ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn wá láti Ìlú Ọba. Láti 1645 títí dé 1715, àádọ́rin ọdún gbáko, àmì dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá lójú oòrùn. Edward Walter Maunder àti ìyàwó rẹ̀ Annie, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní ilé awòràwọ̀ Greenwich, tẹnumọ́ ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń fi orúkọ Maunder pe àsìkò náà. Láàárín rẹ̀, nígbà òtútù 1683 sí 1684, odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù dì gbagidi, wọ́n sì pàtẹ ọjà lórí rẹ̀. Ẹ wo odò tó di ọjà! Ṣùgbọ́n òtútù ti mú ní Yúróòpù ṣáájú 1645; àwọn òkè tí ń yọ iná wà lára ohun tó fà á; afárá Lọ́ńdọ̀nù àtijọ́, tí òpó rẹ̀ pọ̀ tó sì ń dá omi dúró, sì ń mú kí odò náà tètè dì. Ọjà ìkẹyìn lórí rẹ̀ jẹ́ ní 1814, wọ́n sì wó afárá náà ní 1831.

Báwo tilẹ̀ ni àyípadà oòrùn ti tóbi tó? Láti 1978 ni sátẹ́láìtì ti ń wọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lókè tí ìkùukùu kò dé. Láàárín ìgbà tó lágbára jù àti ìgbà tí kò lágbára, ìyàtọ̀ náà jẹ́ nǹkan bí ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún. Bí ìyá ọlọ́jà bá ka ẹgbẹ̀rún náírà, tí a yọ náírà kan nínú rẹ̀, ṣé yóò pariwo?

Èyí tó ya èmi alára lẹ́nu nìyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ January ni ayé wa ń súnmọ́ oòrùn jù, nǹkan bí mílíọ̀nù 147 kìlómítà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ July ni ó ń jìnnà jù, nǹkan bí mílíọ̀nù 152. Ìmọ́lẹ̀ tó ń kan ayé ní January fi nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ju ti July lọ, ìlọ́po bí àádọ́rin ìyàtọ̀ tí à ń sọ. Síbẹ̀ January náà ni ọyẹ́ ń mú ní Akute, tí ètè ọmọdé ń là, tí ìyá ń wá òrí kiri. Ẹ̀fúùfù aṣálẹ̀ Sahara ló gbé e wá, kì í ṣe pé ó rẹ oòrùn.

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kìíní April àti ọ̀sẹ̀ kìíní September, oòrùn máa ń dúró ṣánṣán lórí wa, òjìji òpó á sì kó sábẹ́ ara rẹ̀ lọ́sàn-án. Oòrùn kan náà ni, gíga kan náà. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé ooru April kì í ṣe ẹgbẹ́ ti September? Ní September, ìkùukùu àti òjò ti tẹ́ bí aṣọ láàárín àwa pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn kan bi mí bóyá àkókò ìrun yóò yí padà bí agbára oòrùn bá dín kù. Rárá o. Ibi tí oòrùn wà ni a fi ń mọ Àyìlá àti Àlàásárì, kì í ṣe bí ó ṣe lágbára tó. Fìtílà tí iná rẹ̀ rẹlẹ̀ kò kúrò níbi tí a gbé e kọ́ sí.

Ohun tó wà láàárín àwa àti oòrùn ni ó wá ń yí padà báyìí. Èéfín mọ́tò, ti jẹnẹrétọ̀, ti ilé-iṣẹ́ ńláńlá àti ti igbó tí à ń jó ń pọ̀ lófuurufú, afẹ́fẹ́ tí ń dá ooru dúró sì ń ti inú wọn jáde, bí ẹni da kúbùsù bo ọmọ lọ́sàn-án gangan. Láti 1979 tí àmì ojú oòrùn ti ń rẹlẹ̀, gbígbóná ni ayé ń gbóná sí i. 2024 ni ó gbóná jù nínú gbogbo ọdún tí a ti wọ̀n. Ó fi nǹkan bí dígírì kan àti ààbọ̀ ju ti ayé àwọn baba ńlá wa láàárín 1850 sí 1900 lọ. Ní 2010, Georg Feulner àti Stefan Rahmstorf ní Potsdam, ní Jámánì, ṣírò rẹ̀ pé bí oòrùn bá tún sùn bíi ti ìgbà Maunder títí dé 2100, ooru tí yóò mú kúrò kò ní ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá dígírì kan lọ. Ìyẹn kò ju ìdámárùn-ún èyí tó ti lé lọ.

Ní ti òjò, òkun ni kí a máa wò. Ní Gánà, àwọn onímọ̀ tí Timothy Shanahan ṣáájú wọn wa ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún Bosumtwi nítòsí Kumasi, wọ́n kà á bí ẹni ka ìwé, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2009 pé ọ̀dá kan mú ní apá ibí yìí láti nǹkan bí 1400 títí dé 1750. Bí omi òkun Àtìláńtíìkì ṣe ń gbóná tó sì ń tutù ni wọ́n so irú ọ̀dá bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ilẹ̀ lẹ́bàá odò Ògùn nítorí pé ẹnìkan sọ fún yín pé ayé ń tutù, pé òjò yóò dín kù, ẹ gbọ́ eléyìí. Ní December 2008 ni oòrùn rẹlẹ̀ jù nínú ìyípo ìgbà náà. Ní ọdún náà nìkan, ju 260 ọjọ́ lọ ni kò sí àmì kankan lójú rẹ̀. Ní 2010, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí ni. Ní October ọdún náà, òjò pọ̀, wọ́n tú omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọyán, odò Ògùn yìí kan náà tí ń kọjá lẹ́bàá Akute sì wọ Ajégúnlẹ̀ nísàlẹ̀, ó lé àwọn ènìyàn jáde nílé pẹ̀lú ẹrù lórí.