Chicago, 2012: Ìdí Tí Àwọn Òbí Fi Gbè Sẹ́yìn Olùkọ́ Tó Fẹ́ Dasẹ́ Sílẹ̀

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2012, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ìlú Chicago fi ìwé ìkìlọ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́wàá tí òfin là kalẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ pé àwọn fẹ́ dasẹ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè kan ni àwọn òbí ń bi ara wọn: bí ilé-ẹ̀kọ́ bá tì, ta ni yóò bá wa mójú tó ọmọ? Iye ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn tó 350,000. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wá láti ilé tí kò rí jájẹ dáadáa, oúnjẹ ọ̀fẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ sì ni wọ́n gbójú lé láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ìyá tó ń gbowó iṣẹ́ ní wákàtí-wákàtí kò lè sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun kò ní wá títí tí olùkọ́ àti ìjọba yóò fi parí ìjà.

Èèyàn ì bá rò pé irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bínú sí olùkọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 2012 yẹn, ó ti tó ọdún 25 tí olùkọ́ ti dasẹ́ sílẹ̀ gbẹ̀yìn ní Chicago. Ìyẹn ti ọdún 1987, ọjọ́ 19 ni wọ́n sì fi jókòó sílé nígbà náà. Ìjà tuntun yìí bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Rahm Emanuel di méyọ̀ lọ́dún 2011. Kò pẹ́ tó dé orí àlééfà tí ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́, tó jẹ́ pé méyọ̀ ló ń yan àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà náà, wọ́gi lé àfikún owó oṣù ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ti ṣèlérí rẹ̀ fún àwọn olùkọ́. Lẹ́yìn náà ni méyọ̀ ní kí àwọn ọmọ máa pẹ́ sí i nílé-ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́. Kò sí òbí tí kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kàwé sí i, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fẹ́ fi wákàtí tí wọ́n fi kún un ṣe, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò ní olùkọ́ orin tàbí olùkọ́ àwòrán?

Ọdún 2011 yẹn náà ni ìpínlẹ̀ Illinois ṣe òfin pé ẹgbẹ́ olùkọ́ Chicago kò gbọdọ̀ dasẹ́ sílẹ̀ àfi bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ bá fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò bá yọjú dìbò, ńṣe ni wọ́n kà á mọ́ àwọn tó kọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí òfin náà sọ ní gbangba pé ẹgbẹ́ náà kò lè rí irú ìbò bẹ́ẹ̀ kó jọ láé. Nígbà tí wọ́n dìbò ní oṣù Kẹfà ọdún 2012, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 90 tó fọwọ́ sí i. Karen Lewis, olùkọ́ kẹ́místírì tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ náà, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti fi ọdún méjì gbáko lọ láti ilé-ẹ̀kọ́ kan sí èkejì, wọ́n bá olùkọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n sì bá àwọn òbí àti àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò ṣèpàdé.

Síbẹ̀, orí ọ̀rọ̀ owó ni àwọn tó ta ko olùkọ́ dúró sí, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Owó tí olùkọ́ Chicago ń gbà lọ́dún nígbà náà lé ní 70,000 dọ́là bí a bá pín in dọ́gba-dọ́gba. Ọ̀wọ́n gógó iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008 kò tíì kúrò nílẹ̀, àpò ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ sì ti gbẹ. Ẹni tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó wá gbọ́ pé olùkọ́ ń béèrè àfikún, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú.

Àmọ́ nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Òfin Illinois láti ọdún 1995 kò fi dandan lé e pé kí àwọn aláṣẹ Chicago bá olùkọ́ dúnàádúrà lórí iye ọmọ tó yẹ kó wà nínú kíláàsì kan, òfin 2011 sì tẹnu mọ́ ọn pé wọn kò lè tìtorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dasẹ́ sílẹ̀. Owó oṣù àti bí wọn yóò ṣe máa díwọ̀n iṣẹ́ olùkọ́ wà lára ìwọ̀nba ohun tí òfin gbà kí wọ́n tìtorí rẹ̀ jà. Nítorí náà, bí olùkọ́ bá ń ronú nípa ọmọ tó lé ní ọgbọ̀n nínú yàrá kan tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, owó ni yóò máa gbọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ nídìí tábìlì. Èyí ni mo kà sí ìwà ìrẹ́jẹ tó burú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà: ìjọba di ẹnu olùkọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọmọ, ó sì tún ń sọ fáráyé pé owó nìkan ni wọ́n ń lé.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Àwọn òbí rí kíláàsì tó kún àkúnfàya. Wọ́n mọ nọ́ọ̀sì tó jẹ́ pé láti ilé-ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn ló ń sáré kiri láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé ìdánwò ti gba àkókò tó yẹ kí ọmọ fi kẹ́kọ̀ọ́. Ìdánwò yìí kan náà ni àwọn aláṣẹ fẹ́ máa fi díwọ̀n olùkọ́. Ohun tí ẹgbẹ́ fi dáhùn ni pé ebi, àìrílégbé àti ìbọn àdúgbò náà wà lára ohun tó ń pinnu máàkì ọmọ. Ní ìlú tí wọ́n ti pa nǹkan bí 500 èèyàn lọ́dún yẹn, òbí kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé ìyẹn fún un.

Nígbà tí ọjọ́ ìyanṣẹ́lódì ń sún mọ́lé, àwọn aláṣẹ kéde pé àwọn yóò ṣí ilé-ẹ̀kọ́ 144 láti aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ títí di aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán, kí àwọn ọmọ lè rí oúnjẹ jẹ kí wọ́n sì rí ẹni mójú tó wọn. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì náà ṣílẹ̀kùn. Ètò tó dára ni, ṣùgbọ́n ó dẹ́rù ba àwọn òbí kan, nítorí pé láti dé ilé-ẹ̀kọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, ọmọ lè ní láti gba àdúgbò tí ẹgbẹ́ ọ̀daràn mìíràn ń jẹ gàba lé lórí kọjá. Ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú ní láti kó àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣiṣẹ́ inú ọ́fíìsì jáde sí ìgboro.

Ní alẹ́ Sunday, ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án, ìdúnàádúrà forí ṣánpọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ bí 26,000 dasẹ́ sílẹ̀, aṣọ pupa wọn sì gba ìgboro. Méyọ̀ ní ìyanṣẹ́lódì náà kò pọn dandan. Ìwádìí èrò àwọn olùdìbò tí wọ́n ṣe lọ́sẹ̀ yẹn fi hàn pé ó lé ní ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún tó fara mọ́ ìyanṣẹ́lódì náà. Láàárín àwọn tí ọmọ wọn ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba gan-an, ó tó ìdá 66. Àwọn tí wàhálà náà bá fínra jù ni wọ́n gbè sẹ́yìn olùkọ́ jù.

Ọjọ́ méje tí ó yẹ kí ọmọ wà nílé-ẹ̀kọ́ ni ìyanṣẹ́lódì náà fi wáyé. Àwọn olùkọ́ rí àfikún owó gbà, wọ́n sì dín ipa tí ìdánwò yóò kó nínú ìdíwọ̀n iṣẹ́ wọn kù. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì àti kíláàsì tó kún kò yanjú, lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni ìlú náà sì ti nǹkan bí 50 ilé-ẹ̀kọ́ pa lẹ́ẹ̀kan náà. Ó di ọdún 2019, lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì ọlọ́jọ́ 11 mìíràn, kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan yóò ní nọ́ọ̀sì tirẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, Illinois fagi lé ìlànà òfin 1995 náà lórí ìdúnàádúrà.