Ẹ Má Tètè Tún Un Kùn

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ tòkúnbọ̀ l'Ékòó kì í pẹ́ béèrè bóyá fọ́ọ̀sì bọ́dì ni, ìyẹn ọkọ̀ tí wọn kò tíì tún kùn. Kì í ṣe ẹwà ló ń wá. Ẹ̀rù ìjàǹbá tí wọ́n fi ọ̀dà bò mọ́lẹ̀ ló ń bà á, ó sì mọ̀ pé ọ̀dà tó ti iléeṣẹ́ wá kì í parọ́ fún oníbàárà. Àwọn olówó tó ń ra ọkọ̀ asáré àtijọ́ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà náà ti ń béèrè bẹ́ẹ̀ báyìí, àmọ́ ó pẹ́ kí ojú ọ̀pọ̀ wọn tó là sí i. Fún ọdún gbọọrọ, ọkọ̀ tí wọ́n bó lára kanlẹ̀ tí wọ́n sì tún kùn títí ó fi ń dán gbinrin ni wọ́n ń gbé ipò fún níbi ìdíje. Lójú tèmi, ọ̀dà àkọ́kọ́ tó ti ṣá, tó ti họ níbì kan, níye lórí ju ọ̀dà tuntun tó ń dán lọ, nítorí pé ẹ̀rí ni, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán.

Ara àwọn ọkọ̀ onítọ́bò ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn jù, ìyẹn àwọn ọkọ̀ tí èéfín ẹ́ńjìnnì wọn ń yí fáànù kékeré kan, tí fáànù náà á sì máa ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Ẹ wo Ferrari F40, tí wọ́n gbé jáde ní Ítálì lọ́dún 1987 láti fi sàmì ogójì ọdún iléeṣẹ́ náà. Enzo Ferrari fúnra rẹ̀ ṣì wà láyé nígbà náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú. Ìwúwo ni ọ̀tá àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí. Wọn ò fi rédíò sí i, wọn ò tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí i, okùn lásán lèèyàn sì ń fà láti inú kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ara rẹ̀ kì í ṣe irin, fọ́nrán kábọ́ọ̀nù àti Kevlar tí wọ́n hun tí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù líle dì ni. Torí ìwúwo yìí kan náà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n kun ọ̀dà pupa rẹ̀, débi pé bí oòrùn bá tàn sí i, èèyàn á máa rí fọ́nrán tó ń wọnú ara wọn lábẹ́ ọ̀dà bíi ti aṣọ òfì. Ẹni tí kò mọ̀ á pè é ní àbùkù, á wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ pẹ́ńtà, pẹ́ńtà náà á sì kun ún kó nípọn dáadáa. Ọkọ̀ á dán o, ṣùgbọ́n ibi tí ìpinnu àwọn tó ṣe é ti hàn sójú gbangba ti pòórá, kò sì sí owó tó lè rà á padà.

Ní Amẹ́ríkà, ti Buick Grand National tún gba ọ̀nà mìíràn yọ. Láti 1984 títí dé 1987, dúdú ni gbogbo rẹ̀, kò sí àwọ̀ mìíràn. GNX, tó lágbára jù nínú wọn, 547 péré ni wọ́n ṣe, dúdú náà ni. Àwọ̀ kan ṣoṣo yìí ló wá sọ ayédèrú di ohun tó rọrùn: ẹni tó bá ní Buick Regal aláwọ̀ mìíràn kàn lè kun ún ní dúdú, kó lẹ àmì mọ́ ọn, kó sì dá owó ńlá lé e. Àwọn tó gbọ́n máa ń ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n á ká rọ́bà etí rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n á wo abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì búùtù. Pẹ́ńtà tó ń kánjú kì í dé ibẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ni a ó wá ṣe sí irin tó ń dógùn-ún. Òótọ́ ni. Porsche 911 Turbo tí wọ́n fi hàn ní Paris lọ́dún 1974 kò ní ààbò síńkì tí wọ́n wá ń fi bo irin 911 nígbà tó fi máa di 1976, bí ọ̀dà bá sì ti ṣí lára irin, omi kò ní dúró gba àṣẹ. Ṣùgbọ́n ibi tó bá bàjẹ́ la ń tún ṣe. Ìdógùn-ún ilẹ̀kùn kan kò tó ìdí láti bó bọ́nẹ́ẹ̀tì àti òrùlé tí ara wọn le koko. Nọ́ńbà àwọ̀ tí iléeṣẹ́ náà kọ sára ọkọ̀ wà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí pẹ́ńtà má baà fi ojú lásán díwọ̀n àwọ̀.

Èyí tó le jù láti dáhùn ni ti ẹni tó ní òun ló ni ọkọ̀ òun, àwọ̀ tó bá wu òun lòun ó fi kùn ún. Kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Àní ọ̀dà kejì lè di ìtàn pẹ̀lú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, Bugatti Type 59 kan tí wọ́n ṣe ní 1934 gba ipò kìn-ín-ní níbi ìdíje ọkọ̀ àtijọ́ ní Pebble Beach, ní California, ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ láti ìsọ̀rí àwọn tí wọn kò tún ṣe yóò gba ipò náà níbẹ̀. (Kì í ṣe ọkọ̀ onítọ́bò.) Dúdú tó ní ìlà ìyeyè ni àwọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, búlúù ilẹ̀ Faransé ló fi ń sá eré ìje tẹ́lẹ̀. Ọba Leopold Kẹta ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ló ní dúdú lòun fẹ́. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: ohun tó mú kí dúdú yẹn níyì ni pé kò sẹ́ni tó tún fọwọ́ kàn án lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti bó o láti dá búlúù padà, ti ọba ti lọ, búlúù tòótọ́ kò sì ní dé.

Nítorí náà, kí ẹ tó fa ọkọ̀ àtijọ́ lé pẹ́ńtà lọ́wọ́, ẹ fi ẹ̀rọ wọn bí ọ̀dà rẹ̀ ṣe nípọn tó káàkiri. Lára irin, ọ̀dà iléeṣẹ́ sábà máa ń wà láàárín 100 sí 150 máíkírọ́ọ̀nù. Ibi tó bá lé ní 1,000, bọ́dì fílà, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dí ibi tó tẹ̀, ló sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ibi gbogbo, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi ìpara ìdán kùn ún, kí ẹ sì sọ fún pẹ́ńtà pé ibi tí ọ̀dà iléeṣẹ́ bá ṣì wà, kó má fọwọ́ kàn án.