Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí: Bí ọ̀rẹ́ ṣe lè ran ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú sìgá

Ẹ bi ẹni tó ti ń mu sìgá láti ogún ọdún sẹ́yìn pé ta ló fún un ní ẹyọ àkọ́kọ́. Kò ní pẹ́ kó tó rántí. Bí kì í bá ṣe ọ̀rẹ́, á jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́, tàbí ẹ̀gbọ́n tí wọ́n jọ gbé yàrá nílé ìwé. Ẹlòmíràn kì í tilẹ̀ ra tirẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Èyí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá mu kù ló ń gbà fà. Kó tó mọ̀, ó ti di bárakú.

Ẹ wá bi ẹni kan náà pé, nígbà tó gbìyànjú láti jáwọ́, ta ló sọ fún? Ó ṣeé ṣe kó ní òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó dá pinnu lóru, ó ju páálí tó kù sí ààtàn láàárọ̀. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó ti wà níwájú ìyá alátẹ, ó ń ra ẹyọ kan. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó fi í sílẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó ti padà sídìí rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ohun tí ènìyàn bá ẹgbẹ́ kọ́, ó ṣòro kó dá nìkan gbàgbé rẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ìwádìí àwọn onímọ̀ ìlera náà sì ti fi hàn pé òwe yìí bá ọ̀rọ̀ sìgá mu pátápátá.

Kí ló mú kó le tó bẹ́ẹ̀?

Ẹni tí kò mu sìgá rí lè sọ pé, "Ṣebí kéèyàn má mu ún mọ́ náà ni?" Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Èròjà kan wà nínú ewé tábà tí wọ́n ń pè ní nicotine. Bí ènìyàn bá fa èéfín sìgá símú, kì í ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ tí nicotine fi ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró dé ọpọlọ, tí ara á sì dẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Bó bá ti pẹ́, á mọ́ ọpọlọ lára débi pé bí kò bá rí i, ara kò ní gbà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ fi máa ń kanra, tí kì í rí oorun sùn dáadáa, tí ọkàn rẹ̀ kì í pa pọ̀ sójú iṣẹ́, tí ebi sì máa ń pa á léraléra.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń le jù, pàápàá ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin bá fi máa pé, èyí tó pọ̀ jù nínú ìnira náà á ti rọlẹ̀. Ohun kan tún wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ jáwọ́ mọ̀: òùngbẹ sìgá kì í pẹ́ lára. Bó bá gbé e, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, á tún lọ. Ohun tó kù ni pé ta ni yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn? Ṣé ẹni tó ń na páálí sìgá sí i ni, àbí ẹni tó ń gbé omi tútù fún un?

Méjì-méjì ni wọ́n so wọ́n pọ̀ ní Thailand

Ní orílẹ̀-èdè Thailand, ní ilẹ̀ Éṣíà, àwọn onímọ̀ mẹ́ta kan, Justin White, William Dow àti Suthat Rungruanghiranya, dán ohun kan wò láàárín àwọn ará abúlé. Ọdún 2013 ni wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde. Ènìyàn 201 tó ń mu sìgá ló kópa níbẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n sì gbà nímọ̀ràn lórí bí wọ́n ṣe lè jáwọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan mú ìmọ̀ràn nìkan lọ sílé. Àwọn yòókù, wọ́n so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì, wọ́n sì ní kí wọ́n máa fi owó ara wọn pamọ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń dá àjọ.

Àdéhùn ibẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Bí oṣù mẹ́ta bá pé, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé ẹnì kan ti jáwọ́, yóò gba owó rẹ̀ padà. Bí kò bá jáwọ́, owó náà ti lọ nìyẹn. Bí àwọn méjèèjì tí wọ́n so pọ̀ bá jọ jáwọ́, wọ́n tún máa ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹ̀bùn tó tó nǹkan bí 40 dọ́là. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan nínú wọn bá yẹ àdéhùn, ẹ̀bùn náà ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, ìyẹn lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ owó ti parí láti oṣù mẹ́ta, wọ́n tún yẹ̀ wọ́n wò. Nínú àwọn tó gba ìmọ̀ràn nìkan, nǹkan bí 19 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti jáwọ́. Nínú àwọn tí wọ́n so pọ̀, nǹkan bí 44 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Lóòótọ́, a kò lè sọ pé ọ̀rẹ́ nìkan ló ṣe é, nítorí owó wà níbẹ̀. Síbẹ̀, nínú ètò náà, ẹni tó fẹ́ yọ́ sígùn-ún lọ mu sìgá mọ̀ pé òun kò ní dá jìyà rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá jáwọ́, á ran ẹlòmíràn

Ìwádìí mìíràn wá láti ìlú Framingham ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn dókítà ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìlera àwọn ará ìlú láti ọdún 1948. Nicholas Christakis àti James Fowler tú àkọsílẹ̀ ènìyàn 12,067 yẹ̀ wò, láti ọdún 1971 títí dé 2003. Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ wọn jáde lọ́dún 2008, wọ́n ní àwọn ènìyàn kì í sábà fi sìgá sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Agbo-agbo ni wọ́n ń jáwọ́.

Bí ọkọ tàbí aya bá fi sìgá sílẹ̀, ìṣeéṣe pé ẹnì kejì yóò máa mu ún máa ń fi 67 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ ló jáwọ́, ó ń fi 36 dín kù. Ní ibi iṣẹ́ tí kò tóbi, níbi tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn, bí ẹnì kan bá jáwọ́, ó ń fi 34 dín kù fún ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Àkójọ ìwádìí tí ẹgbẹ́ Cochrane gbé jáde lọ́dún 2017 náà sọ pé ìṣeéṣe kí ènìyàn jáwọ́ nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń ṣèpàdé pọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ẹni tó kàn gba ìwé ìmọ̀ràn, tó ń dá a kà.

Lágbájá àti Tàmẹ̀dò

Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà lọ́dún 2012 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, àwọn tó ń lo tábà lé ní márùn-ún. Láàárín àwọn ọkùnrin, mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ìjọba ṣe òfin lórí tábà lọ́dún 2015. Òfin náà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta sìgá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, kò sì fàyè gba títà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ẹni tó bá dúró ní ibùdókọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá mọ̀ pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan náà ni wọ́n ṣì ń tà á. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kò lè wá jókòó ti ènìyàn nírọ̀lẹ́ nígbà tí òùngbẹ sìgá bá dé. Ènìyàn ẹlẹgbẹ́ ẹni ló lè ṣe èyí.

Ẹ jẹ́ ká wá fi mẹkáníìkì méjì kan ṣe àpẹẹrẹ, ká pe ọ̀kan ní Lágbájá, ká pe èkejì ní Tàmẹ̀dò. Abẹ́ igi kan náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ìṣáná kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Bí wọ́n bá fẹ́ jáwọ́, kí ni kí wọ́n ṣe?

Àkọ́kọ́, kí wọ́n jọ mú ọjọ́. Kí ó má jìnnà ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kí ọkàn wọn má baà yí padà. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n kó páálí, ìṣáná àti àwo tí wọ́n ń gbọn eérú sí dànù, nílé àti ní ṣọ́ọ̀bù.

Èkejì, kí wọ́n sọ ọ́ síta. Kí wọ́n sọ fún ìyàwó, kí wọ́n sọ fún àwọn ọmọṣẹ́, kí wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ ìyá alátẹ pàápàá: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá wá ra sìgá lọ́wọ́ yín, bó ti wù kí n bẹ̀ yín tó, ẹ má tà á fún mi." Ìtìjú lè dá ènìyàn dúró níbi tí ìpinnu ọkàn kò ti lágbára tó.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n dá àjọ sìgá. Iye tí oníkálukú ń ná lórí sìgá lójúmọ́, kí wọ́n máa fà á lé ẹnì kẹta tí wọ́n fọkàn tán lọ́wọ́. Bí oṣù bá parí, kí wọ́n kó o, kí wọ́n fi ra nǹkan tí ojú rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ iye tí wọ́n ti sọ di èéfín títí dìgbà tí wọ́n bá kó owó náà jọ lójú kan.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n ní àdéhùn fún ìṣẹ́jú tó le. Bí òùngbẹ bá gbé Lágbájá, kó pe Tàmẹ̀dò kó tó ṣe ohunkóhun, ì báà jẹ́ lóru. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwàásù. Kí wọ́n máa bá eré bọ́ọ̀lù àná lọ títí ìṣẹ́jú yẹn fi máa kọjá. Kí pákò tàbí orógbó wà lápò, kí ẹnu má dilẹ̀. Kí omi wà nítòsí. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, kí wọ́n jìnnà sí ìsọ̀ ẹmu àti ilé ọtí, nítorí ọtí àti sìgá kì í fẹ́ fi ara wọn sílẹ̀. Kí wọ́n má sì fi aṣáà tàbí ṣíṣà rọ́pò rẹ̀. Nicotine wà nínú àwọn náà.

Bí ẹnì kan bá yẹ̀ ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó mu ẹyọ kan lọ́jọ́ karùn-ún kò tíì pàdánù ọjọ́ mẹ́rin tó ti kọjá. Èyí tó burú ni kó fi pa mọ́. Kó sọ fún ẹnì kejì lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n wo ohun tó fà á, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n dé. Ẹnì kejì kò gbọdọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì gbọdọ̀ sọ pé, "Bí ìwọ bá ti mu, èmi náà á mu."

Ọ̀rọ̀ kan náà kan àwọn ará ilé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé tábà ń pa èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méje lọ́dọọdún. Nínú wọn, ó lé ní mílíọ̀nù kan tí kò mu sìgá rí, èéfín ẹlòmíràn ló pa wọ́n. Nítorí náà, ìyàwó àti ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá ń kanra lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n rántí pé nicotine tó ń jáde lára ló ń fa èyí, kì í ṣe ìkórìíra. Ẹ kú iṣẹ́ tí ìyàwó bá kí ọkọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta lè ṣe ju èébú ọdún mẹ́wàá lọ.

Bó bá le ju ohun tí ọ̀rẹ́ lè gbé, ilé ìwòsàn ló kù. Oògùn wà, bíi ṣíngọ́ọ̀mù tàbí pẹ́pà àlẹ̀mára tí wọ́n fi nicotine díẹ̀ sí, tí yóò máa dín ìnira náà kù. Aláboyún àti ẹni tó ní àrùn ọkàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà kó tó lò ó.

Èrè tó wà níbẹ̀

Èrè sìgá tí ènìyàn kò mu kì í pẹ́ dé. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í rọra lù. Láàárín wákàtí 12, afẹ́fẹ́ olóró tí èéfín kó sínú ẹ̀jẹ̀ á ti lọ sílẹ̀ padà sí bó ṣe yẹ kó wà. Bí ọdún kan bá pé, ewu àrùn ọkàn tí sìgá fà á ti dín kù sí ìdajì. Bí ọdún mẹ́wàá bá pé, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró á ti di nǹkan bí ìdajì ti ẹni tó ṣì ń mu sìgá.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá ń mu sìgá tó sì ti sú yín, ẹ má dá a rò lóru mọ́. Ẹ lọ bá ẹni tí ẹ jọ máa ń mu ún lọ́la, kí ẹ sì bi í bóyá ó ti sú òun náà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọjọ́ tí ẹ máa bi í ló ti ń retí. Bí ẹ kò bá sì mu sìgá, tí ọ̀rẹ́ yín bá sọ fún yín pé òun ti jáwọ́ láti àná, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé aago mélòó ló máa ń le fún un jù, kí ẹ sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ bí aago náà bá lù.